Ẹ má fi Oscar nìkan wọn Max von Sydow

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa àwọn òṣèré ńlá ilẹ̀ òkèèrè, ó dáa, àmọ́ ta ló gba Oscar, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ta ni ò gbà á, gbogbo ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ ẹ ṣe fo Max von Sydow nìyẹn, ó sì dùn mí gan-an.

Ọmọ Sweden ni, Lund ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1929. Lọ́dún 1957 ló ṣe ológun tó ti ogun dé tó ń bá Ikú ta chess nínú fíìmù tí Ingmar Bergman darí. Ọ̀pọ̀ wa mọ ojú ẹ̀ láì mọ orúkọ ẹ̀, òun ni fadá àgbà tó wá lé ẹ̀mí èṣù nínú The Exorcist lọ́dún 1973. Tẹ́ ẹ bá wò ó ẹ máa rò pé arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, irọ́ o, ẹni ọdún 44 péré ni nígbà tí fíìmù yẹn jáde! Mekọ́ọ̀pù ni wọ́n fi sọ ojú ẹ̀ di ti arúgbó, àmọ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n tó fi ń mú oògùn ẹ̀ yẹn, kì í ṣe mekọ́ọ̀pù ló ṣèyẹn.

Fíìmù ẹ̀ tó wọ̀ mí lára jù ni Pelle Erobreren, ti 1987. Ó ṣe bàbá kan tó ń jẹ́ Lasse, ìyàwó ẹ̀ ti kú, ó wá mú ọmọ ẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ wáṣẹ́ ní Denmark, oríṣiríṣi ìlérí ló ń ṣe fọ́mọ. Wọ́n gúnlẹ̀ tán, àwọn olóko ṣa àwọn tó lágbára lọ, bàbá ti dàgbà jù, ọmọ kéré jù, kò sẹ́ni tó fẹ́ mú wọn. Nígbà tí wọ́n wá ríṣẹ́, wọ́n fìyà jẹ ọmọ yẹn lóko, ni Lasse bá fara ya pé òun máa lu ẹni tó ṣe é, ó dójú olúwarẹ̀ tán ojora mú un, ẹnu ẹ̀ wọhò, ọmọ ẹ̀ sì ń wò ó. Ẹ wo ojú bàbá yẹn níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ Oscar!

Fíìmù yẹn gba Oscar tiẹ̀, wọ́n dárúkọ Max náà mọ́ àwọn tó lè gbà á, wọn ò fún un. Lọ́dún 2012 wọ́n tún dárúkọ ẹ̀, ẹni ọdún 82 ni, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ló ṣe nínú fíìmù míì, ṣe ló ń kọ èsì ẹ̀ sínú ìwé, wọn ò tún fún un. Ó kú sí France ní oṣù kẹta 2020.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa kọ apá kejì, ẹ fún un ní ojú ewé kan odindi, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ tíátà kí wọ́n wá fíìmù Lasse yẹn wò.

Èmi òǹkàwé yín,
Òṣogbo