Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹni Tó Ya Cinqué

Ẹ̀yin ará, oore-ọ̀fẹ́ Olúwa kó wà pẹ̀lú yín.

Òwe 31:8 ní ká la ẹnu wa fún odi. Nathaniel Jocelyn, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó ya Cinqué, kì í ṣe oníwàásù, àmọ́ ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Simeon àbúrò rẹ̀ ni pásítọ̀, tó ń ṣọ́ ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní New Haven, Connecticut. Ọmọ aṣeaago ni Nathaniel, wọ́n bí i ní 1796. Ó ti ń fín àwòrán owó báǹkì sára irin rí kó tó di ẹni tí àwọn olówó ń pè wá ya ojú wọn.

Ní 1839, àwọn ọmọ Mende, ẹ̀yà kan ní Sierra Leone, tí wọ́n jí kó wá sí Cuba gba ọkọ̀ Amistad mọ́ àwọn tó rà wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé etí omi Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ tì wọ́n mọ́lé ní New Haven. Sengbe Pieh, tí wọ́n ń pè ní Cinqué, ni olórí wọn. Robert Purvis, aláwọ̀ dúdú ọlọ́rọ̀ kan ní Philadelphia, ló gbé iṣẹ́ fún Jocelyn pé kó yà á.

Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú àwòrán náà. Cinqué da aṣọ funfun bora, èjìká kan ṣí sílẹ̀, ó di ọ̀pá mú, òkè àti ọ̀pẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya gómìnà ló ya ẹlẹ́wọ̀n. Lójú tèmi, ìwàásù nìyẹn.

Kí àwòrán náà lè dé ilé púpọ̀, John Sartain fín in sórí irin ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní mezzotint. Wọ́n á kọ́kọ́ fi irin eléyín gún gbogbo ojú irin pẹlẹbẹ kan títí á fi rí págunpàgun; bí wọ́n bá fi íǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé báyẹn, dúdú kirikiri ló máa jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fá ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, aṣọ, torí ibi tó bá dán kì í gba íǹkì. Ẹni tó bá kánjú fá a jù, àfi kó tún ibẹ̀ gún. Bí wọ́n bá sì ti ń tẹ̀ ẹ́, ojú irin á máa jẹ, dúdú á sì di eérú; kọ́pà tilẹ̀ tètè jẹ ju irin lọ. (Ọ̀nà yìí bá awọ Cinqué mu gan-an: inú dúdú ni oníṣẹ́ ti ń wá ìmọ́lẹ̀.)

Ní 1841, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ní Philadelphia kọ̀ láti gbé àwòrán náà kọ́; wọ́n ń bẹ̀rù wàhálà. Ní March 9 ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá àwọn Mende sílẹ̀. Àwọn 35 tó kù nínú wọn wọkọ̀ padà sílé ní November.

Ẹ̀yin ẹ̀ka fọ́tò, bí ẹ bá ń ya àwọn tí ìjọ ń ràn lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ káyé rí wọn, ẹ má sì gbé ẹni tó ń sunkún sórí Facebook. Òwe 31:1-9 la óò kà ní ìpàdé Ẹ̀kọ́ Bíbélì tó ń bọ̀.