Ẹ Má Ti Eré Tuntun Sí Yàrá Ẹ̀yìn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa sáà tó ń bọ̀ ní ilé eré ẹkùn wa, inú mi sì dùn gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ìgbà tí wọn yóò kó eré àtayébáyé àti eré òde òní pọ̀ sínú sáà kan ṣoṣo, kí ẹni tó wo ọba tó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ojú ara rẹ̀ lóṣù yìí lè padà wá lóṣù tó ń bọ̀ wá wo ìyá àti ọmọ tó ń jà lórí fóònù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ṣe àtòjọ náà.

Ètò ọjọ́ wọn ló mú mi gbé gègé. Àwọn eré àtijọ́ ló gba ìtàgé ńlá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn eré tuntun wà ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, alẹ́ díẹ̀ péré, ó parí. Kò sí èyí tí wọ́n ní àwọn yóò tún gbé padà wá. Mo ń lo ìwé ìròyìn yín láti fi bẹ àwọn aláṣẹ ilé eré náà pé kí wọ́n tún ètò yìí tò.

Mo mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Eré tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn olùkọ́ máa ń kó ọmọ ilé ìwé wá wò ó nítorí pé ó wà lára ìwé tí wọ́n ń kà fún ìdánwò. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́, kò sí owó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí wọn yóò san. Eré tuntun ń náni lówó ní tirẹ̀. Òǹkọ̀wé ní ìpín nínú owó tó bá wọlé, rìhásà sì máa ń gùn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ń yí padà títí di ọ̀la tí wọn yóò ṣí i. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wá fi irú eré bẹ́ẹ̀ sí yàrá tó há, tí wọ́n ká a nílẹ̀ kí ìròyìn rẹ̀ tó tàn dé etí aráàlú, tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò tà kò lè pọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan á gbé ìwé ìṣirò owó síwájú ìgbìmọ̀, á ní ẹ ò rí i, àwọn èèyàn ò fẹ́ eré tuntun. Nígbà wo ni wọ́n fún àwọn èèyàn láàyè láti fẹ́ ẹ?

Ẹ jẹ́ ká wo The Seagull, eré tí Chekhov, ará Rọ́ṣíà, kọ. Lónìí, ó wà lára àwọn eré tí ilé eré kankan kì í bẹ̀rù láti gbé sórí ìtàgé ńlá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1896, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní gbọ̀ngàn Alexandrinsky ní St. Petersburg, rìhásà tí wọ́n ṣe kò tó nǹkan, àwọn òǹwòran sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn òṣèré ṣẹ̀sín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín. Chekhov sá kúrò nínú gbọ̀ngàn, ó sì búra pé òun ò ní kọ eré mọ́ láé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ tuntun kan ní Moscow, tí Stanislavski àti Nemirovich-Danchenko dá sílẹ̀, ní àwọn fẹ́ tún eré náà ṣe. Nemirovich bẹ Chekhov títí kí ó tó gbà. Wọ́n fara balẹ̀ ṣe rìhásà rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1898. Nígbà tí aṣọ ìtàgé bọ́ wálẹ̀ lẹ́yìn apá kìíní, kẹ́kẹ́ pa, àfi bí ìgbà tí kò séèyàn níbẹ̀. Àwọn òṣèré ti rò pé ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ dún. Títí dòní, ẹyẹ òkun tí wọ́n fi sọ eré náà lórúkọ ni àmì ilé eré yẹn. Nítorí ẹgbẹ́ yìí ni Chekhov ṣe kọ Three Sisters, tí wọ́n ṣe ní 1901, àti The Cherry Orchard, tí wọ́n ṣe ní 1904. Ká ní kò sí ẹni tó gbé eré àkọ́kọ́ yẹn padà lẹ́ẹ̀kejì, ibo la ò bá ti rí àwọn wọ̀nyí tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sáà wa?

Òun ni mo fi ń sọ pé ìgbà kejì ló ń sọ eré di eré. Gbogbo ilé eré ló fẹ́ kọ ọ́ sára pósítà pé ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lágbàáyé. Tí wọ́n bá ti gba ògo yẹn tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e mọ́. August Wilson, òǹkọ̀wé eré ará Amẹ́ríkà, kò gba ọ̀nà yẹn. Eré rẹ̀, Fences, bẹ̀rẹ̀ ní Yale Repertory Theatre ní ìlú New Haven lọ́dún 1985. Lloyd Richards tó darí rẹ̀ gbé e lọ sí Goodman ní Chicago ní 1986, ó tún gbé e dé San Francisco, Wilson sì ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ bí eré ti ń kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó fi máa dé Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńlá ní New York, ní 1987, ó ti gún régé, ọdún yẹn náà ló sì gba ẹ̀bùn Pulitzer. Dúró Ládiípọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe Ọba Kò So ní Òṣogbo ní 1963. Ó gbé e dé Berlin ní 1964, kò sì pa á tì lẹ́yìn ìyẹn.

Wọ́n lè ní ìtàgé ńlá àti eré tuntun kò bára mu. Margo Jones kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1947 ló ṣí ilé eré rẹ̀ ní Dallas, Amẹ́ríkà, ìlànà rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: eré tuntun tàbí eré àtayébáyé. Ìtàgé kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ó wà láàárín, àwọn òǹwòran tí kò tó 200 sì jókòó yí i ká. Ọdọọdún ló ń yí orúkọ ilé náà padà, Theatre '47, Theatre '48, kí ó má bàa dà bí ilé àná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Inherit the Wind ní oṣù Kìíní ọdún 1955, lẹ́yìn tí àwọn agbéréjáde New York ti kọ̀ ọ́. Nínú oṣù Kẹrin ọdún kan náà ló dé Broadway. (Obìnrin yìí kú ní oṣù Keje ọdún yẹn, ẹni ọdún 43 péré. Ó dùn mí pé àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀ kò pọ̀.)

Ohun mìíràn tí ètò yìí ń pàdánù ni pé eré àtijọ́ àti tuntun máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá wà lórí ìtàgé kan náà. Ẹ fojú inú wò ó: kí ẹgbẹ́ òṣèré kan ṣe Oedipus ti Sophocles, ará Gíríìsì àtijọ́, kí àwọn òṣèré kan náà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú The Gods Are Not to Blame, tí Ọlá Rótìmí fà yọ látinú rẹ̀, tó sì gbé jáde ní Ifẹ̀ ní 1968. Ẹni tó ṣe ọba Thebes á di Ọdẹ́wálé ọba Kútùjẹ, àwọn aráàlú tó ń sunkún àjàkálẹ̀ àrùn ní ti ìṣáájú á tún sun ún ní ti ìkejì pẹ̀lú òwe àti orin mìíràn. Òǹwòran tó rí méjèèjì á bá ìbéèrè lọ sílé: ṣé àwọn òrìṣà ló jẹ̀bi ni, àbí ọwọ́ èèyàn? Ilé eré ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Chipping Norton, ló ní kí Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kọ eré látinú The Trojan Women ti Euripides, ará Gíríìsì àtijọ́ bákan náà. Ó kọ Women of Owu, wọ́n sì ṣe é ní ọdún 2004. Ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe The Beatification of Area Boy ti Wọlé Ṣóyínká ní 1995, nígbà tí ìjọba ológun kò jẹ́ kó lè gbé nílé. Kò sí èyí tó ti London bẹ̀rẹ̀ nínú méjèèjì, ilé eré ẹkùn bíi tiwa ló bí wọn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀ jù. Kí ọ̀kan, ó kéré tán, nínú àwọn eré tuntun wá sí ìtàgé ńlá, kí ó sì lo iye ọ̀sẹ̀ tí eré àtijọ́ lò. Kí wọ́n dá alẹ́ bíi mélòó kan sí fún un ṣáájú ìṣíde, kí tíkẹ́ẹ̀tì dínwó, kí òǹkọ̀wé jókòó sáàárín àwọn òǹwòran kí ó gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń wúkọ́. Kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì eré àtijọ́ àti ti tuntun pọ̀. Kí wọ́n sì mú eré kan tí wọ́n ti ṣe níbòmíràn láìpẹ́ yìí, tí ó ti sùn, kí wọ́n jí i. Àwọn kan á bínú, wọ́n á ní eré tuntun lè kùnà lórí ìtàgé ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè kùnà. Ṣé gbogbo Shakespeare tí a ti wò ló dùn ni? Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n tì í sí yàrá ẹ̀yìn nítorí ìyẹn.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tó kù wà fún ẹ̀yin náà. Alẹ́ ìṣíde eré ńlá nìkan ni àwọn alámèyítọ́ ìwé ìròyìn sábà máa ń wá. Ẹ rán tiyín wá sí eré tuntun náà, ẹ sì tún rán an padà lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí òǹkọ̀wé bá ti gé ohun tó yẹ kó gé. Tí ilé eré bá sì gbé eré kan padà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé ẹ ti kọ̀wé nípa rẹ̀ rí.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, olólùfẹ́ eré orí ìtàgé