Kí Ọwọ́ Ọmọ Tó Kan Etí

Olótùú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Káfíńtà ni mí ní Ìsẹ́yìn níbí, mo sì ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nídìí iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ àga ló fà á tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Olùkọ́ obìnrin kan láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ní àdúgbò wa ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n bá àwọn kan àga ogún fún kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. Mo fa tépù yọ, mo bi í bóyá ínǹṣì 18 tí a máa ń lò ni kí n gbé e sí. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ínǹṣì 12. Ẹsẹ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń fì dirodiro, ara á máa ni ín, kò sì ní gbọ́ ohun tí mò ń sọ." Pẹ̀lú bí mo ṣe pẹ́ nídìí pákó tó, n kò ronú kan ẹsẹ̀ ọmọ rí.

Lọ́jọ́ tí mo kó àga náà lọ, ìṣó méjì péré ló kù tí mo fẹ́ gbá mọ́ ọ̀kan tó ń mì, kí n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo lò níbẹ̀. Mo ti rò pé màá bá àwọn ọmọ tó ń pariwo A, B, D, tàbí tí wọ́n ti sùn sórí tábìlì. Ìdérí mínírà ni mo bá níwájú wọn, wọ́n ń ṣa pupa sọ́tọ̀, wọ́n ń ṣa búlúù sọ́tọ̀, wọ́n sì ń kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọkùnrin kan to pupa tirẹ̀ jìnnà síra, ó wá tẹnu mọ́ ọn pé pupa ló pọ̀ jù, nítorí ìlà rẹ̀ gùn ju ti búlúù lọ. Olùkọ́ kò sọ fún un pé irọ́ ni. Ó kàn ní kó mú pupa kọ̀ọ̀kan, kó fi kojú búlúù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà tò ó títí, pupa tán, búlúù náà tán. Ó wo olùkọ́ rẹ̀ lójú, ó ní, "Wọ́n dọ́gba!"

Olótùú, orí mi wú. Ohun tí mo máa ń fi oṣù méjì kọ́ ọmọṣẹ́ nìyẹn, pé kó má gbára lé ojú lásán, kó wọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ń kọ́ ọ yẹn, kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ lòun ń ṣe.

Àwọn kan ń fi amọ̀ mọ ìkòkò àti àgbò. Olùkọ́ ní ìka tó ń tẹ amọ̀ yẹn ló máa di pẹ́ńsù mú láìpẹ́, amọ̀ ló sì ń fún un lókun. Nígbà tó yá, ó pa àlọ́ Ìjàpá fún wọn, ó dá a dúró láàárín, ó ní kí oníkálukú sọ ohun tí Ìjàpá máa ṣe. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì la ẹnu láti àárọ̀ dìde, ó rojọ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí gan-an nìyí. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyàwó mi ní ká mú un lọ sí irú kíláàsì báyẹn. Mo ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kan etí." Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí mọ ohun tí mò ń wí. Láyé àtijọ́, tí kò sí ìwé ọjọ́-ìbí, wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Tí kò bá kàn án, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, bí wọ́n ṣe dá àbúrò bàbá mi padà nìyẹn, ó sì tún lo ọdún kan lóko. Ọgbọ́n tó dára ni nígbà náà láti fi mọ ọjọ́ orí. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó ti wọ̀ wá lọ́kàn pé ọjọ́ tí ọwọ́ bá kan etí gan-an ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í lè kọ́ nǹkan.

Nítorí náà, àkọ́bí mi jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù títí ó fi lé ní ọdún mẹ́fà. Ó ń ṣa ìṣó, ó ń sùn lórí ìyẹ̀fun pákó. Èmi ń ṣiṣẹ́, n kì í bá a sọ̀rọ̀ ju "kúrò níbẹ̀ yẹn" lọ. Ọjọ́ tó wọ kíláàsì kìíní, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ di ṣọ́ọ̀kì mú bí ẹni di òòlù mú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń kọ orúkọ wọn. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló wà fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kò ráàyè tirẹ̀. Lópin ọdún, wọ́n ní kó tún kíláàsì náà kà, láti ìgbà náà ló ti ń bá ìwé ṣọ̀tá. N kò sọ pé ohun kan yìí nìkan ló fà á. Àmọ́ mo mọ ohun tí mo fi dù ú, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Àwọn onímọ̀ ìlera ní nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún mẹ́fà, ọpọlọ rẹ̀ á ti tóbi tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti àgbàlagbà. Ìyẹn ni pé ìgbà tí à ń retí kí ọwọ́ ó kan etí gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ jù nínú orí yẹn. Ìjọba pàápàá ti gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2004 ka ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ọn, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 2013 sì fi ọdún kan ṣáájú kíláàsì kìíní, fún ọmọ ọdún márùn-ún. Mélòó nínú wa ló gbọ́ ọ? Ní ṣọ́ọ̀bù mi, n kò rí ẹnì kan ṣoṣo.

Mo tún rò pé orúkọ tí à ń pè é wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Jẹ́-ilé-ó-sinmi. A rò pé ibi tí à ń kó ọmọ sí ni, kí ìyá lè ráyè re ọjà. Ìyá àgbà tó wà nílé á wá ní, "Ṣé èmi ò lè tọ́jú ọmọ-ọmọ mi ni?" Ẹ jọ̀ọ́, n kò bá ìyá àgbà jà. Àlọ́ wọn, oríkì wọn, "ení bí ení lọmọdé ń kawó", ẹ̀kọ́ gidi ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ ahunṣọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣa òwú nídìí òfì ń kọ́ àwọ̀, ó ń kọ́ òǹkà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: lónìí, ta ló ń pa àlọ́ fún wọn? Fóònù la ń kì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè dákẹ́.

Àwọn mìíràn tó tiẹ̀ mú ọmọ lọ ń bínú pé Yorùbá ni olùkọ́ ń sọ. Bàbá kan torí rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ kúrò lójú mi. Mo rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n kọ́ lọ́tọ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò tíì lè sọ tinú rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, kí ló fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ àgbà nìyí: ẹ yé fi ìwé pe àwọn òbí sí ìpàdé nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé wá jókòó, pàápàá àwa bàbá, kí wọ́n lo òwúrọ̀ kan péré níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wàásù fún mi, ìdérí mínírà ló yí mi lọ́kàn padà. Kí àwọn alága àdúgbò, ààfáà àti pásítọ̀ sì bá wa kéde rẹ̀ kó tó di oṣù kẹsàn-án tí wọ́n máa wọlé.

Mo ti mú ọmọ-ọmọ mi obìnrin lọ. Ó máa pé ọdún mẹ́rin láìpẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé ibi etí rárá. Láàárọ̀ àná tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, mo ka àga tí mo kàn. Ọmọ mọ́kànlá ló jókòó. Wọ́n to mẹ́sàn-án yòókù léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, eruku ti bo èyí tó wà lókè pátápátá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Káfíńtà,
Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.