Ogun ni àbí ogún?

Houston, ìpínlẹ̀ Texas,
Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn púpọ̀ láti gbọ́ pé ara Màmá ti ń mókun. Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò tíì tán. Ìbéèrè tí o fi kádìí lẹ́tà náà ni kò ṣeé dáhùn lórí fóònù. O ní nígbàkúùgbà tí o bá gbọ́ pé wọ́n tún ti yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, o máa ń bi ara rẹ pé kí ló dé tí ìjọba kò kàn gba ìbọn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa nílé, ìjọba ló ni àṣẹ ìbọn. Ọdẹ tó ń gbé ṣakabùlà wọ igbó pàápàá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin ìbọn ọdún 1959, kò sì sí ibì kankan nínú ìwé òfin Nàìjíríà tí wọ́n ti sọ pé ìbọn níní jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Níbí, inú ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí, nínú Àtúnṣe Kejì (Second Amendment), èyí tó di òfin ní ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 1791. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò yóò wá ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì, yóò sì tún wá ìpínlẹ̀ 38 nínú 50 tí yóò fọwọ́ sí i. Èmi kò rò pé ojú wa yóò rí i.

Nítorí náà, kì í ṣe bóyá kí òfin náà wà ni wọ́n ń bá ara wọn fà ní kóòtù, bí kò ṣe ohun tó ń sọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ 27 péré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá fi Yorùbá sọ ọ́, yóò lọ báyìí: níwọ̀n bí ẹgbẹ́ ológun ará ìlú tó wà létòlétò ti jẹ́ kòṣeémánìí fún ààbò ìpínlẹ̀ tó wà lómìnira, ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti ní ohun ìjà àti láti gbé e, a kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo kà á: ọ̀rọ̀ 13 ló wà ní apá àkọ́kọ́, 14 ní apá kejì.

Ǹjẹ́ o rántí olùkọ́ Yorùbá wa, ẹni tí yóò kọ o-g-u-n sójú pátákó láìfi àmì kankan sí i, tí yóò sì ní kí o dìde kà á? Bí o bá pè é ní ogun, yóò ní ogún ni òun kọ; bí o bá pè é ní ogún, yóò ní Ògún ni. Pàṣán ni òpin rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí àwọn ará ibí ṣe ń ka Àtúnṣe Kejì gan-an nìyẹn. Àwọn kan tẹjú mọ́ apá àkọ́kọ́, wọ́n ní ogun ni: ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ nígbà tí Amẹ́ríkà kò tíì fẹ́ ní ẹgbẹ́ ológun ńlá tó ń gbowó oṣù. Àwọn kejì tẹjú mọ́ apá kejì, wọ́n ní ogún ni: ohun tí wọ́n bí ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan mọ́, tí kò sí ìjọba tó fún un, tí kò sì sí ìjọba tó lè gbà á.

Fún ìgbà pípẹ́, ogun ni àwọn kóòtù ń kà. Ní 1939, nínú ẹjọ́ Miller, àwọn adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ohùn kan sọ pé kò sí ẹni tó fi hàn wọ́n pé ìbọn tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kúrú wúlò fún ẹgbẹ́ ológun kankan, nítorí náà Àtúnṣe Kejì kò dáàbò bò ó. Ọdún 2008 ni wọ́n tó yí ohùn padà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dick Heller ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní Washington. Òfin gbà á láyè láti gbé ìbọn ṣọ́ ilé ìjọba ní ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, òfin ìlú náà kan náà, èyí tó ti wà láti 1976, kò jẹ́ kó fi ìbọn ìléwọ́ sí ilé ara rẹ̀. Adájọ́ márùn-ún gbè é, mẹ́rin kọ̀. Antonin Scalia tó kọ ìdájọ́ náà sọ pé ìfáàrà ni apá àkọ́kọ́, pé ó ń sọ ìdí kan ni, kò dín ẹ̀tọ́ tó tẹ̀ lé e kù. John Paul Stevens, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó kọ̀, ní ìdí yẹn gan-an ló yẹ kí a fi ka ìyókù.

Ní tèmi, Stevens ló ka gbólóhùn náà bí a ti í ka gbólóhùn. Bí bàbá kan bá sọ pé níwọ̀n bí oko ti jìnnà, kí Àlàbí máa gbé kẹ̀kẹ́ òun, Àlàbí kò lè wá sọ lẹ́yìn ogún ọdún, nígbà tí oko ti di ilé epo, pé kẹ̀kẹ́ náà di tòun títí ayé. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ mọ́ Scalia: òun náà kọ ọ́ pé ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà, pé kò pa òfin tó ka ìbọn léèwọ̀ fún ọ̀daràn tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ́.

Ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí n lè fọwọ́ sọ̀yà. Otis McDonald, bàbá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan ní Chicago, ẹni tí olè ń fọ́ ilé rẹ̀ lemọ́lemọ́, fẹ́ ní ìbọn ìléwọ́ tí òfin ìlú rẹ̀ kà léèwọ̀. Ó borí ní 2010, wọ́n sì ní Àtúnṣe Kejì de ìpínlẹ̀ àti ìlú bó ṣe de ìjọba àpapọ̀. Àkànní, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ní 1865, Mississippi ṣe òfin pé ẹrú tó ti gbòmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn àyàfi tó bá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ṣàkóso ibẹ̀. Kò sí ẹni tó bi àwọn aláwọ̀ funfun tó ń gẹṣin wá sun ilé wọn lóru léèrè ìwé. Ní 1967 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn wọn, ń gbé ìbọn tẹ̀ lé ọlọ́pàá kiri Oakland, gómìnà Ronald Reagan ló bu ọwọ́ lu òfin tó ka ìbọn tó ní ọta nínú léèwọ̀ ní ìgboro California. Nítorí náà, bí aláwọ̀ dúdú kan bá sọ fún mi pé ogún ni, n kì í yára dá a lóhùn.

Ohun tó wá le jù ni ìdájọ́ Bruen ti oṣù Kẹfà ọdún 2022, tó wó òfin New York kan lórí gbígbé ìbọn síta, èyí tó ti wà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Adájọ́ Clarence Thomas kọ ọ́ níbẹ̀ pé òfin ìbọn kankan kò lè dúró àyàfi tó bá bá àṣà òfin ìbọn àtijọ́ ilẹ̀ náà mu. Oṣù kan ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa ọmọdé 19 àti olùkọ́ méjì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Uvalde, ní ìpínlẹ̀ tí mo ń gbé yìí. Láti ìgbà náà ni adájọ́ ti di òpìtàn tipátipá. Ọkùnrin kan, níhìn-ín ní Texas bákan náà, tí kóòtù ti pàṣẹ fún pé kó jìnnà sí ìyá ọmọ rẹ̀ tó ń lù, ní ìbọn nílé. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá òfin tó ní kó má ní ìbọn nù, wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ láyé àwọn bàbá ńlá. Ta ló sì ń gba ẹjọ́ ìyàwó tí ọkọ ń lù rò ní 1791? Nínú ẹjọ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Rahimi, mẹ́jọ nínú adájọ́ mẹ́sàn-án sọ ní 2024 pé kò di dandan kí òfin òní jẹ́ ìbejì òfin àtijọ́. Thomas nìkan ló kọ̀.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi tó wá kàwé níbí ní kí n sin òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn. Mo ka fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé sórí káńtà: gíga rẹ, ìwúwo rẹ, ibi tí wọ́n ti bí ọ, ṣé wọ́n ti dá ọ lẹ́bi rí, ṣé o ń mu igbó. Òǹtajà náà, obìnrin kan tó fi ìgò ojú kọ́ ọrùn, ṣàlàyé pé èmi tí mo ní green card lè rà, ṣùgbọ́n físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rà, àyàfi tó bá ní láísẹ́ǹsì ọdẹ. Mo bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ ọdẹ ni ọmọkùnrin náà ní Ìsẹ́yìn, bàbá rẹ̀ kò sì gba láísẹ́ǹsì rí láyé rẹ̀. A kò ra nǹkan kan.

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì kà á léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri Texas láìgba ìwé àṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ìjọ wa fi kan pátákó méjì mọ́ ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan fún ìbọn tí a fi pamọ́ sára, ọ̀kan fún èyí tí a gbé síta, lẹ́tà rẹ̀ ga tó ínǹṣì kan, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sípéènì, bí òfin ti wí. Bàbá Ìjọ ní kí a fi Yorùbá kún un, èmi ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ náà fún. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti fà á ya lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ibi tí mo bá fi kọ́mà sí ń yí ẹni tí òfin náà ń bá wí padà. Ìwọ ni Yorùbá rẹ jinlẹ̀ jù tèmi lọ. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpòòwé yìí. Bá mi tún un ṣe, kí o sì dá a padà kó tó di ọdún Kérésì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìṣọ̀lá.