Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi: lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo gbá iyanrìn

Àǹtí mi,

Okun o.

Sátidé tó kọjá la ṣe ìrántí ọdún kan yín. Ẹ ṣáà mọ àwọn ará ilé wa: iyán pọ̀, ẹran ò tó, wọ́n sì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tí kò dá owó. Mi ò dá sí i. Ẹ̀yìn ilé ni mo wà tí mò ń fọ odó, nígbà tí ọmọ yín gbé fóònù rẹ̀ wá síwájú mi. Ó ní, "Màmi, ẹ wo obìnrin yìí."

Obìnrin náà ti gun ẹ̀yìn ẹnì kejì, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a níbàdí, ó sì ti ki apá bọ ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ mi dúró nínú odó. Ìdìmú yín ni, Àǹtí mi. Èyí tí ẹ fi dì mí mú létí odò Oyi.

Kyra Gracie ni wọ́n ń pe obìnrin náà, ọmọ Rio ní Brazil. Jiu-jitsu lorúkọ ìjà náà. Ará Japan kan, Mitsuyo Maeda, tó dé Brazil ní 1914, ló kọ́ wọn, ìdílé Gracie sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ìdílé, bí àgbẹ̀dẹ ṣe ń fi owú lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọkùnrin ni wọ́n ń fi lé lọ́wọ́ o. Ọ̀pọ̀ obìnrin ilé náà kàn ń wò wọ́n ni, títí Kyra fi sán bẹ́líìtì dúdú, àmì pé ó ti di ọ̀gá, tó sì jáde lọ bá ayé jà. Ìdíje àgbáyé wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Ó di 1998 kí obìnrin tó rí àyè níbẹ̀. Ìdíje ńlá mìíràn tí wọ́n ń pè ní ADCC, 2005 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i fún obìnrin. Kyra gbà á lọ́dún náà, ó gbà á ní 2007, ó tún gbà á ní 2011. Ní 2005 yẹn, ọmọ yín ṣì wà lẹ́yìn yín, ẹ ń wọn gaàrí fún oníbàárà lọ́jà Kàbà.

Bẹ́ẹ̀, ta ló lè gbé yín ṣubú láyé ìgbà náà? Gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò wa ni ẹ ti fẹ̀yìn wọn kanlẹ̀. Bàámi á ní obìnrin kì í jìjàkadì, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rẹ́rìn-ín.

Ọmọ yín ka àmì tí wọ́n ń fúnni nínú jiu-jitsu fún mi. Ẹni tó bá gbé ènìyàn ṣubú gba 2. Ẹni tó bá kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀ gba 3. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì fi ẹsẹ̀ há a bẹ́ẹ̀, gba 4. A jẹ́ pé ẹ jẹ àmì 4 lórí mi. Àwọn ará Brazil ń pe ìdìmú náà ní mata leão, apa-kìnnìún. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sí ọpọlọ ló ń sé, kì í ṣe èémí, kí ènìyàn sì tó ka mẹ́wàá ojú ti ṣú. Nítorí ẹ̀, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èmi náà gbálẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ẹ̀yin ti pé méjìlá. N kò mọ òfin kankan, ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Mo rántí bí iyanrìn náà ṣe tutù. Mo rántí korobá méjì tí a ti pọnmi sí. Lẹ́yìn ìyẹn, omi lójú mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún, tí ẹ ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Bàámi. N kò sọ. Láti ọjọ́ náà ẹ kò jìjàkadì mọ́. Gbogbo ilé rò pé ẹ ti di wúńdíá, ojú ń tì yín ni.

Ṣé ẹ gbọ́ ọwọ́ mi, Àǹtí mi? Ìkíní lè fò yín. Ìkejì ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú kọ́mú yín nílé ìwòsàn, tí dókítà ní kókó náà á ti tó ọdún méjì, odò Oyi ni mo rí. Ọdún méjì! A jọ ń jẹun. A jọ sùn lórí ẹní kan náà nígbà òkú Màámi. Kí ló dé tí o kò gbálẹ̀? Kí ló dé tí o kò fi ọwọ́ kàn mí lẹ́ẹ̀kan péré?

Ẹ forí jì mí. Ẹnu mi ló já.

Ọmọ yín ti wọ ẹgbẹ́ kan ní Lọ́kọ́ja tí wọ́n ń kọ́ ọ, ó sì fẹ́ lọ díje l'Ábújá. Lálẹ́ Sátidé náà ó ní kí n jẹ́ kí òun fi hàn mí. Mo jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ki apá bọ ọrùn mi. Mo rọra fọwọ́ kan ilẹ̀, kò tilẹ̀ dún, ó ti tú mi sílẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé òun ṣe mí léṣe ni, títí di òní ni ó ń fi òróró pa mí lọ́rùn.

Owó ni kò sí. Kajú ti pọ́n, ó ń já bọ́ lóko, ẹnikẹ́ni ò sì gbójú lọ kó o nítorí àwọn ajínigbé. Owó oṣù Bàbá àwọn ọmọ kì í pé. Orúnkún mi ọ̀tún ti ń wú. Kí ó tilẹ̀ dé Lọ́kọ́ja pàápàá, n kì í sùn títí yóò fi pè mí pé òun ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Aṣọ ìjà náà wọ́n ju ohun tí agbára mi ká, mo wá ní kí ó jẹ́ kí n rán an. Mo fẹ́ fi aṣọ òkè yín tó kù rán an, ó ní wọn ò ní gbà: funfun, búlúù tàbí dúdú nìkan ni. Mo ra funfun tó nípọn. Ara rẹ̀ ti parí, ṣòkòtò ti parí. Kọ́là ló kù. Mo gé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára aṣọ òkè yín, mo ká a sínú rẹ̀ níbi tí adájọ́ kò ní rí, ó sì wá le jù. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló ti kán. Wọ́n ti múná lọ. Ọwọ́ ni mo fi ń rán ìyókù.

Àbúrò yín