Ìrẹsì Kò Lè Dá Ẹni Tí Omi Lé Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Olóòtú,

Ẹ bá mi bi àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kó ìrẹsì àti nudùsù lọ bá àwọn tí omi Odò Ògùn lé: ta ló sọ fún wọn pé oúnjẹ nìkan ni ìṣòro? Wọ́n tún ti gbé bánà kọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Oníbúrẹ́dì tó wà ní Ìṣẹrì tàbí Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú gba ìrẹsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààrò rẹ̀ ṣì wà nínú omi, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì káwọ́ gbera.

Omi yìí kì í ṣe àgbàrá ọjọ́ kan. Láti ọdún 1983 ni dáàmù Ọ̀yán, tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ Odò Ògùn, ti wà. Bó bá ti ń kún, wọ́n á tú omi sílẹ̀, pàápàá ní September àti October. Bí ọ̀sà náà bá ti kún, omi ò ríbi gbà, ó lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn aláṣẹ mọ̀. Wọ́n á ní kí aráàlú kó kúrò, wọn ò ní sọ ibi tí oníṣẹ́ ọwọ́ máa kó ẹ̀rọ rẹ̀ sí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tí ibi tirẹ̀ gbẹ yá ẹni tí omi lé ní ibi iṣẹ́. Béékìrì tó ń yan lọ́sàn-án lè fi òru sílẹ̀ fún àlejò. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé àlejò á dúró dìgbà tí ààrò bá ṣófo kó tó po fúláwà. Yísì nílò wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó wú u. Nígbà náà, ààrò igi ti tutù, igi mìíràn di dandan, èrè ti lọ. Kí àlejò ti máa pò nígbà tí onílé ṣì ń yan èyí tó gbẹ̀yìn. Kó gbé agolo tirẹ̀ wá, nítorí ìwọ̀n búrẹ́dì wọn ò dọ́gba. Kí wọ́n jọ wọn dísù jẹnẹrétọ̀ ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Kí àlejò dá èyí tó lọ padà ní líta, kì í ṣe lówó, torí iye rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Kí ẹnì kan tó mọ ẹ̀rọ onílé wà níbẹ̀, kí àlejò sì sanwó òru fún un.

Ẹ̀rọ tí omi bò, ẹ má tàn án nítorí pé ara rẹ̀ gbẹ. Ẹrẹ̀ tutù ṣì wà láàárín wáyà inú rẹ̀. Bí iná bá kàn án, ó jó nìyẹn. Kí oníná tú u, kó fi omi tó mọ́ ṣàn án, kó sá a gbẹ dáadáa, kó sì fi megger, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná ń jò lára wáyà, dán an wò. Bí ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ dà á nù, ẹ fi ọ́ìlì tuntun ṣàn án kí ẹ tó rọ èyí tó máa lò. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní oníná tirẹ̀, kó yọ̀ǹda wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn wúlò ju ọkọ̀ ìrẹsì lọ!

Ẹ̀yin tí omi lé òṣìṣẹ́ yín nílé, ẹ san owó oṣù ṣáájú, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kí omi tó fà. Ẹ̀yin tó ń ta fúláwà láwìn, ẹ sún ọjọ́ gbèsè síwájú. Ìbánigbófò iná lásán kì í sábà kan omi. Ẹ ní kí wọ́n fi kún un.

Àdéhùn ibi iṣẹ́ yẹn, July ni kí onílé àti àlejò ti fọwọ́ sí i.

Òǹkàwé yín,
Kétu, Èkó