Orúkọ ńlá nìkan kọ́ ló ní tawny tó gbó

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ìwé ìròyìn yín gbé jáde lórí àwọn wáìnì olówó gọbọi tí a fi ń ṣàlejò níbi ìwúyè àti ìgbéyàwó ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti ilẹ̀ Ìgbómìnà. Inú mi dùn pé ẹ mẹ́nu ba ọtí port, wáìnì dídùn tó le ti ilẹ̀ Pọ́túgàl, pàápàá irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tawny, èyí tí ó máa ń pẹ́ nínú àgbá igi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé òǹkọ̀wé yín dárúkọ àwọn ilé ńlá tí ń ta port, Taylor's, Graham's àti Sandeman, ó sì fi ọ̀rọ̀ tì síbẹ̀, bí ẹni pé kò tún sí ẹlòmíràn tí tawny rẹ̀ yẹ ní rírà.

Ilé ńlá ni o, ilé kékeré ni o, àfonífojì odò Douro ni àjàrà gbogbo wọn ti ń wá, agbègbè tí ìjọba Pọ́túgàl ti pa ààlà rẹ̀ láti ọdún 1756. Nígbà tí omi àjàrà náà bá ń ho lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, tí ó ń di ọtí, tí adùn rẹ̀ kò sì tíì tán, wọn a da ọtí líle sí i kí híhó náà lè dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn tí ó sì tún le. Inú àgbá ni iṣẹ́ tó kù wà. Afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ a máa gba ara igi wọlé, díẹ̀ nínú ọtí náà a máa fẹ́ lọ lọ́dọọdún, àwọ̀ pupa rẹ̀ a máa ṣá títí yóò fi di àwọ̀ oyin, ìtọ́wò èso tútù a sì yí padà di ti ẹ̀pà yíyan, ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ àti èèpo ọsàn. Àjọ tí ń mójú tó ọtí náà, IVDP, gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí ẹnikẹ́ni tó lè kọ iye ọdún, 10, 20, 30 tàbí 40, sí ara ìgò. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti fi 50 kún un. Àdàlù ọtí tó dàgbà àti èyí tó kéré sí i ni ó wà nínú ìgò bẹ́ẹ̀, tí àwọn atọ́tíwò sì gbà pé ìwà rẹ̀ bá iye ọdún tí a kọ síbẹ̀ mu. Ìdánwò kan náà ni fún ọlọ́lá àti fún àgbẹ̀.

Kí ló wá dé tí a kì í fi í gbọ́ orúkọ àwọn àgbẹ̀ náà? Òfin ni. Títí di ọdún 1986, Vila Nova de Gaia, ìlú etí odò Douro tó dojú kọ ìlú Porto, ni ọtí port gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó lọ sí òkè òkun, ibẹ̀ sì ni àwọn ilé ńlá kó àká ọtí wọn sí. Àgbẹ̀ Douro kàn ń ta ọtí rẹ̀ fún wọn ni, orúkọ tiwọn ni ó sì ń jẹ́ lójú ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé a máa fi àgbá kan tàbí méjì pamọ́ sílé fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ní ọdún 2010, Taylor's gbé ọtí ọdún 1855 kan jáde tí wọ́n pè ní Scion, tí ìgò rẹ̀ wọ́n bí ojú. Ọwọ́ ìdílé kan ní Douro ni wọ́n ti ra àwọn àgbá náà. Bí ilé ńlá fúnra rẹ̀ bá ń wá ọtí àgbà lọ sí ẹ̀yìnkùlé àgbẹ̀, kí ló dé tí àwa kò fi lè béèrè ọ̀nà ibẹ̀?

Quinta do Infantado, oko àjàrà kan ní Douro, ni èmi ìbá kọ́kọ́ tọ́ka sí, nítorí láti ọdún 1979, kí òfin tó yí padà, ni wọ́n ti ń rọ ọtí oko wọn sí ìgò fúnra wọn. Ọdún 1716 ni ìtàn Quinta do Vallado ti bẹ̀rẹ̀; ilé ńlá Ferreira ni ó ń kó ọtí rẹ̀ lọ fún nǹkan bí igba ọdún kí ó tó máa tà á ní orúkọ ara rẹ̀. Poças, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1918, ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé tó dá a sílẹ̀. Andresen ti wà láti 1845, àwọn tó mọ tawny dáadáa sì máa ń fi orúkọ rẹ̀ han ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ra ọtí níbi ayẹyẹ lọ́dọ̀ wa kò gbọ́ ọ rí. Ẹ sì yára, nítorí irú wọn a máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ńlá: Wiese & Krohn, tí àwọn ará Norway méjì dá sílẹ̀ ní 1865, ti di ti àwọn tó ni Taylor's láti 2013.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín ní Ìlọrin kì í fẹnu kan ọtí, n kò sì kọ̀wé láti tàn wọ́n. Àwọn tó ń rà á ni mo ń bá wí, tí a ń fi òǹtẹ̀ ara ìgò yan wáìnì bí ẹni ń yan ṣìnáàpù ìdána. Ẹ wo iye ọdún tí wọ́n kọ sí i, kí ẹ sì wo ọdún tí wọ́n rọ ọ́ sí ìgò, tí òfin ní kí wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí tawny kì í tún dàgbà mọ́ lẹ́yìn tó bá kúrò nínú àgbá. Bí ẹ bá rí Colheita, ọtí ìkórè ọdún kan ṣoṣo ni, tí ó ti lo ọdún méje ó kéré tán nínú igi. Èyí tí kò ní iye ọdún kankan lára sábà máa ń jẹ́ ọtí kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ kàn fúyẹ́. Kí a mu ún ní tútù díẹ̀ ni ó dára jù, pàápàá nínú ooru tiwa yìí, ìgò tí a bá sì ṣí kò ní bàjẹ́ nínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Olóòtú, bí akọ̀ròyìn yín bá tún padà sọ́dọ̀ oníṣòwò ọtí tó bá sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin, kí ó bá wa bi í bóyá ó lè kó ìgò kékeré ti ogún ọdún wá láti ọ̀kan nínú àwọn ilé tí mo dárúkọ yìí, àti iye tí yóò tà á. Mo ṣetán láti sanwó ti èmi sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara